Ẹ̀rọ Ìfọṣọ Tí Ó Dákẹ́: Ẹ Wá Ìdí Àrùn Kí Ẹ Tó Ra Oògùn

Ẹ̀rọ ìfọṣọ ti kúrò ní ohun àjèjì láàrin wa. Àwọn alágbàfọ̀ ń fi jẹun, àwọn ìyá ọlọ́mọ wẹ́wẹ́ ń fi dín làálàá kù, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ilé ìwòsàn kékeré náà ń fi fọ aṣọ ibùsùn. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ yìí bá dákẹ́ ní ọjọ́ Ẹtì, nígbà tí aṣọ òde ọjọ́ Àbámẹ́ta ti kún ilẹ̀, ìpayà a máa bá ẹni tí ó ni ín. Ìpayà yìí ni ó ń mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe ọ̀kan nínú àṣìṣe méjì. Àwọn kan a sáré lọ ra ẹ̀yà tuntun tí ẹ̀rọ náà kò ṣe aláìní. Àwọn mìíràn a sì ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀ nígbà tí iná mànàmáná ṣì wà lára rẹ̀. Àṣìṣe àkọ́kọ́ ń gba owó ẹni; èkejì lè gba ẹ̀mí ẹni.

Ète àlàyé yìí ni láti fi hàn pé ọ̀pọ̀ nínú àrùn ẹ̀rọ ìfọṣọ ni ó kéré, tí onílé tí ó ní sùúrù sì lè wò sàn, bí ó bá kọ́kọ́ mọ ohun tí ń ṣe ẹ̀rọ náà. A ó sọ bí a ti ń dá àrùn kọ̀ọ̀kan mọ̀, ẹ̀yà tí a óò pààrọ̀, àti ibi tí onílé gbọ́dọ̀ dúró kí ó sì ké sí oníṣẹ́ iná. Irú ẹ̀rọ tí a ní lọ́kàn ni alágbàá méjì, nítorí pé òun ni ó bá ilé tí kò ní omi ẹ̀rọ mu: a lè fi korobá rọ omi sínú rẹ̀.

BÍ Ẹ̀RỌ NÁÀ TI Ń ṢIṢẸ́

Àgbá méjì ni ó dúró ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn nínú àpótí oníke kan. Èyí tí ó tóbi ni a fi ń fọ aṣọ. Ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni abẹ̀bẹ̀ pẹlẹbẹ kan wà, tí ń yí omi sí ọ̀tún, tí ó sì tún ń yí i sí òsì. Ẹ́ńjìnnì oníná tí ó wà lábẹ́ ni ó ń yí wíìlì kékeré kan. Bẹ́líìtì rọ́bà a sì gbé agbára láti ara wíìlì kékeré yìí lọ sí ara wíìlì ńlá tí ó wà lábẹ́ abẹ̀bẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ṣéènì kẹ̀kẹ́ ti ń gbé agbára ẹsẹ̀ lọ sí táyà ẹ̀yìn.

Àgbá kejì, tí ó kéré, ni a fi ń fún omi kúrò lára aṣọ. Ó ní ẹ́ńjìnnì tirẹ̀, kò sì ní bẹ́líìtì, nítorí pé orí irin tí ẹ́ńjìnnì náà ń yí gan-an ni a so agbọ̀n ìfún mọ́. Agbọ̀n yìí ń yí ju ìgbà 1,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Nítorí ìyára yìí ni wọ́n ṣe fún un ní bíréèkì tí ó bá ìdérí ṣiṣẹ́ pọ̀: bí a bá ṣí ìdérí, iná yóò gé, bíréèkì yóò sì mú agbọ̀n náà dúró.

Nínú àlàyé kúkúrú yìí ni ọgbọ́n ńlá kan wà. Bí àgbá ìfọ̀ bá kọ̀ tí àgbá ìfún sì ń ṣiṣẹ́, a mọ̀ pé iná ń dé inú ẹ̀rọ, pé púlọ́ọ̀gì dára, pé fíúsì kò jó. Àrùn náà wà ní ìhà kan ṣoṣo. Bí méjèèjì bá kọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó sábà máa ń jẹ́ pé iná kò dé ibẹ̀ ni. Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí onílé ṣe ni kí ó dán àgbá méjèèjì wò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Kò ná an ní kọ́bọ̀.

KÍ A TÓ FỌWỌ́ KÀN ÁN

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Kí ẹnikẹ́ni tó tú ẹ̀yìn ẹ̀rọ ìfọṣọ, ó gbọ́dọ̀ pa àwọn òfin wọ̀nyí mọ́.

Èkíní, kí ó yọ púlọ́ọ̀gì kúrò lára ògiri. Pípa súwíìsì nìkan kò tó, bẹ́ẹ̀ ni kò tó láti wí pé iná ti lọ, nítorí iná tí ó lọ lè dé láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Kí ó gbé púlọ́ọ̀gì náà sí iwájú ara rẹ̀ níbi tí ojú rẹ̀ ti tó o, kí ọmọdé má baà fi í padà.

Èkejì, kí ó tú gbogbo omi dànù, kí ó nu ilẹ̀ gbẹ, kí ó nu ọwọ́ gbẹ, kí ó sì wọ bàtà tí ó gbẹ. Omi àti iná mànàmáná kì í ṣe ọ̀rẹ́ ara wọn.

Ẹ̀kẹta, bí ó bá ti tú ẹ̀yìn ẹ̀rọ, yóò rí ohun kan bí agolo kékeré tàbí páálí oníke tí wáyà méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ jáde lára rẹ̀. Kapásítọ̀ ni orúkọ rẹ̀. Iná a máa ṣẹ́kù sínú rẹ̀ lẹ́yìn tí a ti yọ púlọ́ọ̀gì, gẹ́gẹ́ bí omi ti ń ṣẹ́kù sínú amù lẹ́yìn òjò. Kí onílé má ṣe fọwọ́ kan ẹnu wáyà rẹ̀ rárá.

Ẹ̀kẹrin, kí ó fi ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ alágbèéká ya àwòrán inú ẹ̀rọ náà kí ó tó tú ohunkóhun, kí ó sì kó àwọn súkúrù jọ sínú abọ́ kan. Àwòrán yìí ni yóò sọ fún un bí ohun gbogbo ti wà tẹ́lẹ̀.

BÍ Ẹ̀RỌ KÒ BÁ DÁHÙN RÁRÁ

Kí a kọ́kọ́ fi fìtílà oníná tàbí fáànù dán sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri wò. Bí fìtílà kò bá tàn, ara ògiri ni àrùn wà, ẹ̀rọ kò ní ẹ̀ṣẹ̀. Bí ó bá tàn, kí a ṣí púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta náà, kí a sì wo fíúsì inú rẹ̀. Fíúsì ni a dá láti jó kí ilé má baà jó. Bí ó bá ti jó, irú rẹ̀ gan-an ni kí a fi rọ́pò, tí iye àńpìà tí a kọ sí i lára bá ti àtijọ́ mu. Ẹni tí ó bá fi wáyà lásán tàbí bébà fàdákà inú páálí sìgá dí ojú fíúsì ti lé ọlọ́dẹ kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Bí fíúsì tuntun bá sì tún jó lójú ẹsẹ̀, kí a má ṣe fi ẹ̀kẹta sí i. Ohun kan wà nínú tí ó béèrè oníṣẹ́.

Kí a tún yẹ okùn iná wò láti òkè dé ilẹ̀, nítorí pé eku a máa jẹ ẹ́. Okùn tí eku ti jẹ kì í ṣe ohun tí a ń fi ọ̀rá wé. Ńṣe ni kí a pààrọ̀ rẹ̀.

BÍ Ó BÁ Ń KÙN ṢÙGBỌ́N TÍ KÒ YÍ

Èyí ni àrùn tí ó ń kó àwọn ènìyàn sí gbèsè jùlọ, nítorí pé bí wọ́n bá ti gbọ́ kíkùn náà, wọn a rò pé ẹ́ńjìnnì ti kú. Ohun mẹ́ta ni ó lè fà á, a sì gbọ́dọ̀ wò wọ́n bí wọ́n ti tẹ̀lé ara wọn.

Àkọ́kọ́ ni iná tí kò lágbára. Ní Nàìjíríà, iná tí ó yẹ kí ó dé ilé wa jẹ́ 230 fólítì. Bí ó bá wálẹ̀ jù, tàbí bí jẹnẹrétọ̀ tí a ń lò bá kéré jù, fìtílà yóò pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, fáànù yóò máa yí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ẹ̀rọ ìfọṣọ yóò sì máa kùn lásán. Kí a pa á lójú ẹsẹ̀, nítorí ẹ́ńjìnnì tí ń kùn láìyí ń gbóná, ó sì lè jó. Oògùn rẹ̀ ni kí a dúró de iná tí ó dára.

Èkejì ni ohun tí ó há. Kí a yọ púlọ́ọ̀gì, kí a sì fi ọwọ́ yí abẹ̀bẹ̀ inú àgbá ìfọ̀. Ó yẹ kí ó yí wọ́ọ́rọ́wọ́ sí ọ̀tún àti sí òsì. Bí ó bá le, kí a tú súkúrù kan ṣoṣo tí ó wà láàrin rẹ̀, kí a sì gbé e sókè. Owó ẹyọ, pín-ìn-nì, bọ́tìnnì àti ìbọ̀sẹ̀ ọmọdé ni a sábà máa ń bá lábẹ́ rẹ̀.

Bí iná bá dára, tí abẹ̀bẹ̀ sì ń yí wọ́ọ́rọ́wọ́ lọ́wọ́, ó kù sí kapásítọ̀. Kí ni iṣẹ́ rẹ̀? Iná tí ń wọ ilé wa a máa lọ, a sì máa bọ̀, ní ìgbà 50 láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ wo ẹni tí ó gun kẹ̀kẹ́, tí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ kan dúró gangan lókè tí èkejì sì dúró gangan nísàlẹ̀. Bí ó ti wù kí ó tẹ̀ ẹ́ tó, kẹ̀kẹ́ kò ní lọ, àfi bí a bá tì í díẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹ́ńjìnnì náà rí. Kapásítọ̀ ni ó ń tì í láti ẹ̀gbẹ́ kí ó tó lè bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Bí kapásítọ̀ bá ti gbó, ẹ́ńjìnnì yóò máa kùn, kò sì ní mọ ibi tí yóò yí sí.

Lára kapásítọ̀ ni a kọ nọ́ńbà kan tí àmì µF tẹ̀lé. Lẹ́tà F yìí dúró fún ìwọ̀n tí a fi orúkọ Michael Faraday sọ, ọmọ alágbẹ̀dẹ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí a bí ní 1791. Iṣẹ́ dídì ìwé ni ó kọ́ ní kékeré, ó sì ń ka àwọn ìwé tí wọ́n gbé wá fún un láti dì, títí ó fi di ọ̀kan nínú àwọn ọ̀mọ̀wé tí ó la ojú ayé sí ọ̀rọ̀ iná mànàmáná. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́: kapásítọ̀ tuntun gbọ́dọ̀ ní iye µF kan náà pẹ̀lú ti àtijọ́, iye fólítì tí a kọ sí i kò sì gbọdọ̀ kéré sí ti àtijọ́. Nítorí iná tí ń ṣẹ́kù sínú rẹ̀, oníṣẹ́ iná ni kí ó yọ ọ́ kí ó sì fi tuntun sí i. Ṣùgbọ́n onílé tí ó ti mọ ìdí àrùn kò ní gbà kí ẹnikẹ́ni ta ẹ́ńjìnnì odindi fún òun nítorí ohun tí kò ju agolo kékeré lọ.

BÍ Ó BÁ Ń YÍ NÍ ÒFÌFO, TÍ Ó SÌ DÚRÓ NÍGBÀ TÍ AṢỌ WỌ INÚ RẸ̀

Bẹ́líìtì ni ó sábà máa ń fa èyí. Kí a tú pákó ẹ̀yìn ẹ̀rọ, kí a sì fi àtàǹpàkò tẹ bẹ́líìtì ní àárín méjì. Ó yẹ kí ó wọlé níwọ̀n sẹ̀ǹtímítà kan. Bí ó bá wọlé jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣùgbọ́n tí ara rẹ̀ ṣì dára, kí a má tíì ra òmíràn. Kí a fi sípánà dẹ àwọn nọ́ọ̀tì tí ó di ẹ́ńjìnnì mú, kí a sún un sẹ́yìn díẹ̀ títí bẹ́líìtì yóò fi le níwọ̀nba, kí a sì dì wọ́n padà.

Bí bẹ́líìtì bá ti sán, tí inú rẹ̀ ń dán bí dígí, tàbí tí ẹ̀tù dúdú rẹ̀ kún ilẹ̀ abẹ́ ẹ̀rọ, ó ti gbó. Kí a fà á kúrò lórí wíìlì ńlá díẹ̀díẹ̀ bí a ti ń fọwọ́ yí wíìlì náà. Kí a ka lẹ́tà àti nọ́ńbà tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀, kí a sì mú un dání lọ sí ọjà. Bí a bá fẹ́ fi tuntun sí i, kí a kọ́kọ́ fi í kọ́ wíìlì kékeré ara ẹ́ńjìnnì, kí a tó máa yí i gun orí wíìlì ńlá. Kí a má ṣe fi irin fà á, kí a má sì fi gírísì kàn án. Bẹ́líìtì tí ó le jù a máa ba ẹ́ńjìnnì jẹ́. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Bí bẹ́líìtì bá dára, tí wíìlì ńlá sì ń yí tí abẹ̀bẹ̀ kò tẹ̀lé e, eyín tí ó wà nínú ihò abẹ̀bẹ̀ ni ó ti jẹ. Abẹ̀bẹ̀ tuntun ni oògùn rẹ̀. Kí fífẹ̀ rẹ̀ àti iye eyín inú ihò rẹ̀ bá ti àtijọ́ dọ́gba.

BÍ OMI KÒ BÁ DÚRÓ, TÀBÍ TÍ KÒ BÁ JÁDE

Rọ́bà kan ni ó ń dí ojú ọ̀nà omi, tí sípíríǹgì ń tẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí a bá yí bọ́tìnnì ìdami, okùn kan yóò gbé rọ́bà náà sókè, omi yóò sì lọ. Bí omi kò bá dúró, ó ṣeé ṣe kí iyanrìn, òwú tàbí bọ́tìnnì aṣọ ti há sábẹ́ rọ́bà yìí. Kí a yọ ọ́, kí a fọ̀ ọ́, kí a sì wò ó bóyá ó ti ya. Bí ó bá ya nìkan ni kí a ra òmíràn.

Bí omi kò bá jáde, kí a wo ọ̀nà tí họ́ọ̀sì gbà. Nínú ẹ̀rọ tí kò ní pọ́ńpù, omi fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣàn lọ sílẹ̀. Kò sì sí omi tí ń gun òkè. Bí họ́ọ̀sì bá ká, tàbí tí a gbé ẹnu rẹ̀ lé ibi tí ó ga, omi yóò dúró.

ÀGBÁ ÌFÚN

Bí àgbá ìfún bá ń mì tìtì, ẹrù rẹ̀ ni kò dọ́gba. Kí a dúró títí yóò fi parọ́rọ́, kí a tún aṣọ inú rẹ̀ tò, kí a sì fi ìtẹ̀ oníke lé e lórí. Bí ó bá ń kùn tí kò sì yí, kí a yọ púlọ́ọ̀gì, kí a wò ó bóyá ìbọ̀sẹ̀ tàbí gèlè ti jábọ́ sáàrin agbọ̀n àti àgbá. Bí kò bá sí ohun tí ó há, kí a wo wáyà bíréèkì. Iṣẹ́ wáyà yìí ni láti fa bíréèkì kúrò nígbà tí ìdérí bá pa dé. Bí ó bá já, bíréèkì yóò máa di agbọ̀n mú nígbà gbogbo. Wáyà tuntun ni a óò fi rọ́pò rẹ̀.

Ohun tí ó léwu jùlọ ni ìdàkejì èyí: kí a ṣí ìdérí, kí agbọ̀n máa yí lọ láìdúró. Bíréèkì ti jẹ tán nìyẹn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe lo àgbá náà mọ́ títí a óò fi pààrọ̀ rẹ̀. Agbọ̀n tí ń sáré tó bẹ́ẹ̀, bí aṣọ bá wé ọwọ́ ọmọdé nínú rẹ̀, lè ṣẹ́ apá rẹ̀ kí ìyá rẹ̀ tó dé. Bákan náà, kò tọ́ kí a so súwíìsì ìdérí pa kí iṣẹ́ lè yá.

Bí omi bá ń kán láti abẹ́ àgbá ìfún, rọ́bà ìdínmi tí ó yí irin agbọ̀n ká ni ó ti gbó. Omi yìí ń kán sórí ẹ́ńjìnnì oníná. Kí a dá iṣẹ́ dúró, kí a sì ké sí oníṣẹ́.

RÍRA Ẹ̀YÀ TUNTUN

Bí ẹni tí ń lọ ra ẹ̀yà bá dé Àlàbà ní Èkó, tàbí ọjà mìíràn tí ó sún mọ́ ọn, kí ó mú ohun mẹ́ta lọ: ẹ̀yà àtijọ́ fúnra rẹ̀, nọ́ńbà tí ó wà lára pátákó kékeré ẹ̀yìn ẹ̀rọ, àti àwòrán tí ó yà. Kí ó gbé tuntun lé àtijọ́, kí ó wo gígùn, fífẹ̀ àti ihò súkúrù. Kí ó gba ìwé owó, kí ó sì bá ọlọ́jà sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé òun yóò dá a padà bí kò bá wọ̀ ọ́.

Ọ̀rọ̀ kan wà fún àwọn tí ẹbí wọn ń fi ẹ̀rọ ránṣẹ́ láti òkè òkun. Iná ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá tiwa mu. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí a ṣe fún 120 fólítì ti Amẹ́ríkà yóò jó bí a bá ki í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì wa. Kí a ka pátákó ẹ̀yìn rẹ̀ kí a tó fi iná sí i.

IBI TÍ ONÍLÉ GBỌ́DỌ̀ DÚRÓ

Bí ẹ̀rọ bá ń ta ni lára, bí òórùn ìjóná bá ń jáde, bí iná bá ń ṣẹ́ pàrà nínú rẹ̀, tàbí bí ọ̀ràn bá kan kapásítọ̀ àti inú ẹ́ńjìnnì, iṣẹ́ onílé ti parí. Ẹsẹ̀ kẹta púlọ́ọ̀gì, èyí tí ó gùn jù, ni ó ń bá wáyà ilẹ̀ lọ. Òun ni ó ń gbé iná tí ó ṣìnà lọ sínú ilẹ̀ dípò ara ènìyàn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gé e.

Bí iná bá mú ẹnìkan, kí a má ṣe fi ọwọ́ fà á. Kí a pa iná láti ibi tí ó ti ń wọ ilé. Bí èyí kò bá ṣeé ṣe, kí a dúró lórí ohun gbígbẹ, kí a fi igi gbígbẹ tì í kúrò, kí a sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn láìjáfara, bí ó tilẹ̀ wí pé kò sí ohun tí ń ṣe òun mọ́.

Lẹ́yìn àtúnṣe, kí a dá gbogbo pákó padà, kí a bu omi díẹ̀ sínú ẹ̀rọ láìsí aṣọ, kí a sì jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta bí a ti ń wò ó láti òkèèrè. Bí kò bá jò, tí kò kùn, tí kò sì mì, kí a kó aṣọ sínú rẹ̀.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ tọ́jú ìwé yìí sí ìtòsí ẹ̀rọ yín, kí ẹ sì kà á sí etígbọ̀ọ́ àwọn tí kò lè kà á. Bí ẹ̀rọ bá tún dákẹ́, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì ná, ẹ fara balẹ̀, kí ẹ sì bi í léèrè pé, “Kí ni ń ṣe ọ́?” Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú bí ó ti ń kùn, bí ó ti ń jò àti bí ó ti ń yí.